Kẹ̀kẹ́ Ń Ti Àbúrò Yín Lójú

Bùrọ̀dá wa,

Mo kí yín, mo kí Ìyá àti Aunty. Ara wa le ní Peckham. Nasir ti ríṣẹ́ sí Bermondsey. Ẹsẹ̀ Rahmah tí mọ́tò gbá ní Old Kent Road náà ti ń san, alhamdulillah.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi o, Bùrọ̀dá. Council ní ká dìbò lọ́jọ́ Àlàmísì, bóyá ká fi díẹ̀ kún council tax, kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti oníkẹ̀kẹ́ síbi tí mọ́tò ti gbá ọmọ yín gan-an. Mùsílíù àbúrò yín, bàbá Rahmah fúnra rẹ̀, dìde ní àsálátù, ó ní ká dìbò "No". Ó ní, "Ṣé torí ká lè gun kẹ̀kẹ́ bíi tálákà la ṣe wá sí London?" Àwọn tó kó èso wá ṣàdúà fún Rahmah ló ń pàtẹ́wọ́ fún un!

Ṣé kì í ṣe kẹ̀kẹ́ ni Bàbá fi ń kiri aṣọ, tí wọ́n fi rán ẹ̀yin méjèèjì níléèwé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é kó tó di Àlàmísì. Ẹ̀yin nìkan ló ń bẹ̀rù. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Ẹ bá mi bi í pé mọ́tò ta ló ń gbèjà. Bọ́ọ̀sì lòun náà ń wọ̀.

Èmi Àsúmáù, ìyàwó yín.