Jíìpù Kọ́lá àti Bọ́gì Tèmi Lórí Òkè Yanrìn

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi lónìí, nítorí ìròyìn tí mo gbé wá kò ṣe é pa mọ́ra. Mo ti wakọ̀ gun òkè yanrìn. Èmi, ọmọ yín obìnrin, àkọ́bí yín. Kì í ṣe pé ẹnì kan ń wà á tí mo jókòó tì í o. Èmi gan-an ni mo di síárìn mú, mo sì ti dé ṣóńṣó orí òkè kí Kọ́lá tó kúrò ní ìsàlẹ̀. Láti Sátidé ni mo ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ń dùn mí.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé ná, torí mo mọ ìwà yín, ẹ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan tí èèyàn kò bá tí ì sọ bí ilé ṣe rí. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Màámi ti wà lọ́dọ̀ mi ní Richmond níbí, nítòsí Houston, láti ìgbà tí ẹ ti lọ, mi ò jẹ́ kí wọ́n dá gbé. Wọ́n ti gbin ewúro sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ń bínú sí ọmọ aládùúgbò wa tó ń juwọ́ sí wọn dípò kó kúnlẹ̀ kí wọn. Kọ́lá àbúrò mi ṣì ń ṣiṣẹ́ apòògùn ní Humble, ikùn rẹ̀ ti yọ. Èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà mi ní Energy Corridor, àdúgbò àwọn iléeṣẹ́ epo, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wakọ̀ lórí fríwéè, tírélà lọ́tùn-ún, tírélà lósì, àyà mi kì í sì í já.

Àmọ́ yanrìn yàtọ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó yàtọ̀. Ṣé ẹ rántí Nguru, nígbà tí ẹ ń wa Lándírófà fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga? Bí a bá ti gba ọlidé, ẹ ó kó èmi àti Kọ́lá dání. Tí a bá dé ibi tí títì ti tán tí yanrìn bẹ̀rẹ̀, ẹ ó dúró, ẹ ó fún mi ní igi ìṣáná. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kúnlẹ̀ ti táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n fi igi ìṣáná tẹ ẹnu rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa jáde títí táyà á fi yọkùn díẹ̀, kó má baà rì sínú yanrìn. Kọ́lá ń bẹ nínú ọkọ̀ ní tirẹ̀, ó ń fọn fèrè ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó gbé síárìn lé Kọ́lá lọ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́tàlá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tólẹ̀. Èmi tí mo fi ọdún méjì jù ú lọ bẹ̀ yín títí, ẹ ní ọwọ́ obìnrin kò gba síárìn nínú yanrìn.

Ó dùn mí, Bàbá mi. Mi ò sọ ọ́ fún yín rí títí ẹ fi kú, ẹ̀rù yín ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí mo wà ní kékeré, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́ nígbà tí mo dàgbà. Ẹ rán mi nílé ìwé dé òpin. Ẹ jà fún mi lọ́dọ̀ àwọn ẹbí tó ní kí ẹ lọ fi mí fọ́kọ. Kò sí ohun tí ẹ fi dù mí láyé yìí, àfi ìyẹn nìkan. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìyẹn?

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé Kọ́lá ra jíìpù tòkunbọ̀, bí èèyàn bá lè pe ọkọ̀ tí kò tí ì sọdá òkun ní tòkunbọ̀. A jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun fẹ́ gbé e lọ gun àwọn òkè yanrìn tó wà ní ìwọ̀ oòrùn Texas, pé kí èmi àti Màámi wá jókòó sẹ́yìn kí a máa wòran. Kí n wá jókòó sẹ́yìn! Orí mi gbóná. Mo ní màá wá, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tèmi ni màá wà, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dé orí òkè tó ga jù níbẹ̀ ni ọ̀gá. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó rántí pé mi ò tilẹ̀ ní ọkọ̀ tó lè wọ yanrìn. Èyí tó burú jù ni pé mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ nípa ọwọ́ mi. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ lọ wádìí, Kọ́lá kàn jẹ́ àwáwí ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi yan ọkọ̀. Mo kọ́kọ́ wo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń gùn bí alùpùpù. Ó fúyẹ́, eré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá dojú dé, ẹni tó gùn ún ló máa dé mọ́lẹ̀, Màámi kò sì lè la ẹsẹ̀ gùn ún láéláé. Mo wo jíìpù bíi ti Kọ́lá. Mi ò ní purọ́, iyì wà lára jíìpù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi, inú rẹ̀ tutù, èèyàn lè wà á láti Houston dé ibi yanrìn kó sì tún wà á padà wálé. Ṣùgbọ́n ó wúwo, yanrìn kì í sì í fojúure wo ohun tó bá wúwo. Mo wá wo èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́gì. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní gíláàsì, irin ni wọ́n fi yí èèyàn ká, ìjókòó méjì, bẹ́líìtì á sì so yín mọ́lẹ̀ gírígírí. Kò lè rìn lórí fríwéè, etí yanrìn níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yá a fúnni, gbogbo eruku ayé ló sì máa wọ imú yín. Àmọ́ ó fúyẹ́, táyà rẹ̀ fẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì tó ara rẹ̀ gbé. Mo yan bọ́gì. Nígbà tí Kọ́lá rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Sìstá mi, ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé yìí? Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìrìn àjò wa, ó gbé jíìpù lọ gba àdúrà. Ẹ mọ ìjọ tiwa, aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán. Bàbá Àgbà, olórí ìjọ wa níbí, da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wọ́n omi àdúrà sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì pàṣẹ pé afẹ́fẹ́ kò ní jáde nínú wọn lálọ lábọ̀. A ṣe àmín tó lágbára. Kọ́lá ti fẹ́ àwọn táyà náà bí a ti ń fẹ́ ẹ nílé tí a bá ń lọ ọ̀nà jíjìn, wọ́n le débi pé tí ẹ bá kàn wọ́n, ẹ ó rò pé ilẹ̀kùn lẹ kàn.

A dé etí yanrìn láàárọ̀ Sátidé. Bàbá òyìnbó kan tó ń yáni ní bọ́gì ń lọ láti ọ̀dọ̀ ọkọ̀ kan sí èkejì, ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Kọ́lá kọ̀. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ tí Bàbá Àgbà ti gbàdúrà lé lórí? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́." Màámi wo ojú ọ̀run, wọn ò dá sí i, torí àwọn náà ti ṣe àmín. Èmi kúnlẹ̀ ti táyà bọ́gì. Kò sí igi ìṣáná, kọ́kọ́rọ́ ilé ni mo fi tẹ ẹnu rẹ̀. Bàbá òyìnbó náà na géèjì tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà sí mi, mo ní kó dúró ná. Nígbà tí mo ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ó fi géèjì wọ̀n wọ́n, ó rí i pé ó ṣe rẹ́gí, ó sì kọjá lọ sí ìdí ọkọ̀ mìíràn.

Màámi jókòó tì mí nínú bọ́gì. Mo gun òkè tó ga jù náà lẹ́ẹ̀kíní, mi ò dé ìdajì. Ẹ̀rù ló bà mí, mo ká ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, bọ́gì dúró gbagidi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn yọ̀ wálẹ̀. Bàbá mi, ojú tì mí, omi sì lé ròrò sí mi lójú. Mo ní ó ti tán, ohun tí Bàámi sọ ló ṣẹ yẹn. Màámi kò rí ojú mi, wọ́n ń gbọn yanrìn kúrò lára gèlè wọn. Wọ́n kàn ní, "Ṣé ibi tó ga tó yẹn náà la ń lọ àbí ìsàlẹ̀ yìí la fẹ́ máa gbé?" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wí. Inú bí mi, ẹ̀rín sì pa mí. Mo fà sẹ́yìn jìnnà réré, mo kọjú bọ́gì sí òkè náà tààrà, mo fún un níná. Mi ò yà, mi ò ká ẹsẹ̀. Yanrìn ń bọ́ lù wá lójú, Màámi ń pe Jésù, èmi ń pariwo ohun tí mi ò lè kọ síhìn-ín, àfi ìgbà tí iwájú ọkọ̀ wálẹ̀ tí mo rí i pé kò sí òkè mọ́. A ti dé orí rẹ̀! Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn fi há mi lọ́fun.

Láti ibẹ̀ la ti rí jíìpù Kọ́lá nísàlẹ̀, ó ti rì dé ikùn, bó ṣe ń fúnná ló ń wọlẹ̀ sí i. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Mi ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ (mo ṣe díẹ̀). A fi ọwọ́ wa yanrìn kúrò lábẹ́ ọkọ̀, mo sì kúnlẹ̀ ti àwọn táyà tí a ti wọ́n omi àdúrà sí, mo tú afẹ́fẹ́ wọn. Mo ní kí Bàbá Àgbà dárí jì mí. Jíìpù sì rìn jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Kọ́lá dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Sìstá, níbo lẹ ti kọ́ èyí?" Òun tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ló máa ń wà nígbà náà! Mo ní, "Lọ́dọ̀ Bàámi."

Bó ṣe jáde lẹ́nu mi nìyẹn, ó sì jẹ́ òtítọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ fún Kọ́lá ní síárìn, ẹ fún mi ní ìdí ọ̀rọ̀ gan-an, ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo ti wá gbàgbé o. Ẹ dúpẹ́ pé ìfẹ́ yín pọ̀ lọ́kàn mi ju ìbínú lọ.

Ibi tí mo ti rò pé ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Mo fẹ́ dá bọ́gì padà fún oníbọ́gì. Àfi bí Màámi ṣe dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí mo jókòó sí, tí wọ́n ní, "Sún kúrò níbẹ̀." Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Wọ́n ní kí n sún. Wọn ò bẹ̀ mí o. Wọ́n jókòó, wọ́n so bẹ́líìtì, wọ́n bi mí pé èwo ni iná, èwo ni bíréèkì, ó parí. Lórí yanrìn tó tẹ́jú níbẹ̀, ìyàwó dírẹ́bà, tó bá yín gbé fún ọdún mọ́kànlélógójì tí kò fọwọ́ kan síárìn rí, wakọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ rọra ń lọ. Nígbà tó yá wọn ò rọra mọ́. Wọ́n yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Kọ́lá ń sá kúrò lọ́nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín irú èyí tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ tí a ti sin yín. Ọwọ́ wọn kò gbọ̀n rárá.

Nígbà tí wọ́n dúró, wọn ò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n di síárìn náà mú síbẹ̀, wọ́n ń wo iwájú, wọ́n ní, "Ṣé ohun tí ọkọ mi ń jẹ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nìyí, tí kò fún mi tọ́ wò?"

Mo fi ìbéèrè náà ránṣẹ́ sí yín, Bàbá mi. Ẹ̀yin ni wọ́n bi.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó sì ti wakọ̀ dé òkè.