Apá Òsì Ọ̀nà

Ọjọ́bọ̀, 31 Oṣù Keje 2025

Fákáńsì dé, ilé ìwé ti gba ìsinmi. Lọ́túnla, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, a ó pàgọ́ sí ẹsẹ̀ àpáta. Augustin ọkọ mi ti ń pe ara rẹ̀ ní Kápítéènì láti àárọ̀. Ó fọ Ìyá Àgbà — Peugeot wa tó ti dàgbà ju àwọn ọmọ lọ — títí ó fi ń dán bí ọmọ tuntun tí a fi òrí pa lára. Ìrètí ń ṣe bí ẹni pé ẹni ọdún mẹ́tàlá ti kọjá ẹni tó ń bá òbí rìnrìn àjò. Judicaël, Agogo mi, kò tíì dákẹ́. Ṣé ìkookò wà ní Ṣábẹ̀ẹ́? Ṣé ìkookò lè ṣí àgọ́?

Nígbà tí Kápítéènì ń kó ọkọ̀ jáde lọ ra epo, ó fi apá òsì ọkọ̀ ha ẹnu géètì. Ó ní géètì náà fún jù. Géètì tó ti ń gbà kọjá láti ìgbà tí a ti kó wá sí àdúgbò Djègan-Kpèvi.



Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kẹjọ. Kétu

A gbéra kí oòrùn tó yọ. Àdúrà, búrẹ́dì, ẹyin sísè. Orin ìjọ láti ilé títí dé Pọ́bẹ̀ — Kápítéènì ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, Agogo ń ba orin jẹ́.

A ti kọjá Pọ́bẹ̀ díẹ̀. Onísẹmíjàn kan fi alùpùpù rẹ̀ yọ láti apá òsì, ó gbé obìnrin kan àti agbọ̀n adìẹ sẹ́yìn. Mo rí i. Ìrètí rí i. Kápítéènì kò dẹ ẹsẹ̀ rárá, ó ń kọrin lọ. Mo kígbe. Ó fa ọkọ̀ sọ́tùn-ún, a wọ inú koríko. Agbọ̀n já, adìẹ fọ́n ká gbogbo títì. Obìnrin náà ṣépè fún wa títí a fi bá a kó wọn tán.

Ó ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn onísẹmíjàn, ibi tí ènìyàn kò fọkàn sí ni wọ́n ti ń yọ.

Gbangba ni ọkùnrin yẹn ti yọ. Mo wo ojú ọkọ mi. Òógùn. Oòrùn kò sì tíì mú.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ

Ṣọ́ọ̀ṣì ní Kétu. N kò gbọ́ ìwàásù. Mo ń wo bí Kápítéènì ṣe ń ti ìwé orin sí apá ọ̀tún kó tó lè kà á.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ. Ṣábẹ̀ẹ́

Ibí yìí dára o. Àwọn àpáta jókòó yí ìlú ká bí àgbààgbà tó ń gbọ́ ẹjọ́. Bọ̀dá Aziz, ọ̀rẹ́ Kápítéènì láti ilé ìwé, fún wa láyè nínú oko káṣú rẹ̀. A pa àgọ́ méjì. Àwọn ọmọ ń sáré kiri, ẹsẹ̀ lásán.

Kápítéènì ta okùn àgọ́, ó fi òkúta kan èèkàn rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ rárá, okùn kan náà gbé e ṣubú lulẹ̀ gbì. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Aziz nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Ìyá Ìrètí, ẹ má bínú o. Nígbà tí ẹ dé, mo nawọ́ sí i láti kí i. Ọwọ́ mi dúró níbẹ̀. Kò wò ó. Ṣé ara rẹ̀ le?"

Mo ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mo sá padà sídìí ìkòkò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹjọ

Ẹ̀rín Kápítéènì ti ń pọ̀ jù.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹjọ

A gun àpáta. Atẹ́gùn, gbogbo ayé nísàlẹ̀. Kápítéènì di Agogo lọ́wọ́ mú, wọ́n dúró, ó ń na ìka sí ọ̀nà tí a gbà wá. Bẹ́ẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ sún díẹ̀díẹ̀ sí òsì, síbi tí òkúta ti parí. Mo fa aṣọ ọmọ láti ẹ̀yìn bí ẹni ń ṣeré.

Ìrọ̀lẹ́, mo bi í: "Bàbá Ìrètí, ojú yín ńkọ́?"

"Kí ló ṣe ojú mi?"

"Mo kàn béèrè ni."

"Fákáńsì la wá ṣe, Ìyá Ìrètí. Má fi àìsàn kọ́ mi lọ́rùn."

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹjọ. Bohicon

A kúrò ní Ṣábẹ̀ẹ́ láàárọ̀. Ọ̀nà ńlá la gbà báyìí, ọ̀nà àwọn tírélà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. N kò lè sọ fún un pé kó ṣọ́ra, ó máa bínú. Mo wá dọ́gbọ́n: gbogbo ohun tó wà lápá òsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí yìn ín. "Ẹ wo ewúrẹ́ yẹn, ó mà rẹwà o." "Ẹ wo tírélà pupa tó ń bọ̀ yẹn." "Ẹ wo àwọn ọmọ kékeré tó fẹ́ sọdá yẹn, ìyá wọn gbìyànjú." Gbogbo ìgbà tí mo bá yìn, ó ń dẹ ẹsẹ̀. Òun mọ̀. Èmi mọ̀ pé ó mọ̀.

Ìrètí ní: "Màmá, kí ló dé tí ẹ fi ń kí gbogbo ewúrẹ́?"

A sùn sílé àlejò. Ọ̀la, ibi ìṣeré — a ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ. Ilé

Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má baà ya wèrè.

Ibi ìṣeré ní Bohicon. Ẹṣin onígi tó ń yípo, jáńgìlófà, àti àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi ń kọlu ara wọn lórí irin. Ìrètí àti Agogo wọ ọ̀kan, Kápítéènì wọ òmíràn. Agogo ló di ìdarí mú. Ó gba ọ̀tún wá, baba rẹ̀ yẹ̀ ẹ́. Ó gba òsì wá — gbàà! Ó tún gba òsì wá — gbàà! Kápítéènì kò yí orí. Kò yẹ̀. Ńṣe ló ń ta gìrì nínú ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Àwọn èrò ń rẹ́rìn-ín. Agogo sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pè mí:

"Màmá! Ẹ wò ó! Bí mo bá gba ibí wá, Pàpá kì í rí mi rárá!"

Ẹ̀rín kú lójú ọkọ mi. Ó gbọ́.

Nídìí Ìyá Àgbà, mo di àpò mú, n kò wọlé. Mo ní kí a fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, kí a wọ tàsì. Ó ní: "Ṣé afọ́jú lo pè mí?" Mo ní n kò pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní òun lòun gbé wa wá, òun lòun máa gbé wa lọ, kí àwọn ọmọ wọlé kíá. Mo na apá mi dí ilẹ̀kùn. Ó wo Ìrètí. Ìrètí wo ilẹ̀.

Ó wọ ọkọ̀. Ó lọ.

A wọ tàsì ní gáréèjì. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo ń wo gbogbo kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Lẹ́yìn Àlàdá, èrò dúró bo títì, tírélà kan dábùú, ọkọ̀ kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi ìbòrí mi bo Agogo lójú. N kò lè wò ó, n kò sì lè ṣàìwò ó.

Funfun ni. Tiwa, búlúù ni.

Mo ní, Olúwa, o ṣeun. Ẹnì kan wà nínú ọkọ̀ yẹn o, mo sì ní o ṣeun.

A délé. Kò sí nílé.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ

Kò dé. A kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìgbà tí fèrè ọkọ̀ bá dún ni Agogo ń sáré lọ sí géètì. Ó bi mí bóyá torí ohun tí òun sọ ni. Mo gbá a mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn kò sọ̀rọ̀ mọ́. Agogo, kò sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹjọ

Ó dé!

Tàsì ló já a sílẹ̀. Irùngbọ̀n hù, bàtà kún fún ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ rọ̀ mọ́ ọn. Èmi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tó jẹun tán, ó pè mí ní Fúnkẹ́. Láti ìgbà tí mo ti bí Ìrètí, kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní: "Fúnkẹ́, fèrè ké sí mi létí. Mo wo òsì, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni tírélà yọ láti ibi tí kò sí nǹkan kan yẹn. Ó gba dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ." Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítòsí Àlàdá. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò lè di ìdarí mú mọ́. Mẹkáníìkì kan, Rachidou, fún un ní ẹní nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ṣì wà. Fóònù kú. Rachidou fi tirẹ̀ lọ̀ ọ́, kò gbà á. Ojú ń tì í.

Ó ní ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ń rí i pé apá kan ń ṣú.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí gbogbo ará Akron, àdúgbò tó ti dàgbà, mọ̀ àfi èmi. Bàbá rẹ̀, tó kú kí n tó wọlé ọkọ, afọ́jú ni. Augustin, nígbà tó kéré ju Agogo lọ, òun ló ń fi ọ̀pá fà á kiri. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù.

"Mo rò pé tí n kò bá sọ ọ́, kò ní jẹ́ òótọ́."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ọjọ́rú, 13 Oṣù Kẹjọ

Dókítà ojú, obìnrin, ohùn tútù. Ohun tó ti lọ kò ní padà. Èyí tó kù, oògùn lè ṣọ́ ọ: ẹ̀kán kan sójú láàárọ̀, ẹ̀kán kan ní ìrọ̀lẹ́, títí láé. Ọkọ̀ wíwà ti parí. Kápítéènì mi orí pé òun ti gbọ́. Mo rò pé ó tán, mo ti ń gbé àpò mi.

Ó ní: "Ẹ mú àwọn ọmọ wá. Àìsàn yìí máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé rìn."

Ọjọ́ Ẹtì, 15 Oṣù Kẹjọ

Mo ń wo bí àwọn ọmọ ṣe ń rìn. Mo ń wo bí wọ́n ṣe ń bu omi. Ọlọ́run mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Oṣù Kẹjọ

Agogo ló kọ́kọ́ wọlé. Kò sí nǹkan kan. Ó béèrè bóyá wọ́n lè rí inú orí òun.

Ìrètí wọlé. Dókítà wò ó, ó tún un wò. Ó pa iná. Ìfúnpá inú ojú rẹ̀ ti ga, ojú méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò tíì ba nǹkan kan jẹ́, ó ṣì ń rí gbogbo ẹ̀gbẹ́ dáadáa. Ó ní a tètè dé, kí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ oògùn.

Ìrètí kò sunkún. Nínú tàsì ló ti béèrè, kì í ṣe lọ́wọ́ mi, lọ́wọ́ baba rẹ̀: "Pàpá, ṣé bó ṣe ṣe yín ló máa ṣe èmi náà?"

Mo ń retí kó ní rárá. Mo fẹ́ kó ní rárá.

Ó ní: "N kò mọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n tìẹ, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Tèmi, mo fi pamọ́ títí ó fi jẹ mí."

Ìrètí gbé orí lé e léjìká títí a fi dé Djègan.

Ìrọ̀lẹ́. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì, baba àti ọmọ, orí dá sẹ́yìn, ẹnu là sílẹ̀ bí ọmọ ẹyẹ. Mo kán oògùn sójú baba. Ó kù ti ọmọ. Ẹ̀kán náà bọ́ sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Màmá, ẹ tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Ó bọ́ sínú ojú.