Àlejò Ìgúnpá Yín

Mummy mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ariwo Ìkòsì. Ṣé ẹ rántí pé nígbà tí mo wà ní kékeré, "àlejò" ni mo máa ń pe àléfọ́ ìgúnpá yín? Ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní: "Ọmọ òyìnbó, àlejò wo ni kì í padà sílé?" Irú ẹ̀ ló wà lára èmi náà báyìí.

Háà, Mummy, ẹnu ṣì ń yà mí! Ìṣó gún mi lẹ́sẹ̀, mo rìn lórí ẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mi ò mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí mo dé ọsibítù, dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní àtọ̀gbẹ ni, àìsàn ṣúgà. Ó ní àtọ̀gbẹ àti irú àléfọ́ yìí sábà máa ń rìn pọ̀. Èmi rèé, ìpara ni mò ń rà kiri!

Ara mi ti ń yá o. Oúnjẹ ọsibítù dùn gan-an. Ṣùgbọ́n bàtà tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ ṣì fi pamọ́ ná, ẹsẹ̀ mi ò tíì lè wọ̀ ọ́.

Ẹsẹ̀ tí ẹ ní èèrà ń rìn nínú ẹ̀ yẹn ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jọ̀ọ́, kí àbúrò mi Ọlábámijí mú yín lọ yẹ ṣúgà wò lọ́la.

Ẹ bá mi kí Daddy. Ẹ bá mi kí àlejò yín náà, kí ẹ sì bi í bóyá ẹnìkan tẹ̀ lé e wọlé.

Àpínkẹ́ yín