Ta Ni Yóò De Bàtà Ìyìn?

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà, 2025

Dídè bàtà onítáyà: kí a fi okùn fa awọ bàtà mọ́ ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ má baà gbéra nínú rẹ̀, síbẹ̀ kí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ráyè mí. Ìyẹn náà ni. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kọ́ iṣẹ́ ijó orí bàtà yìí nílùú òtútù, lórí yìnyín, kí n tó wá máa kọ́ àwọn ọmọ Festac lórí kọnkéré. Mo rò pé mo mọ ohun tí mò ń sọ. Dàírẹ́kítọ̀ kò rò bẹ́ẹ̀.

Dàírẹ́kítọ̀ ni mò ń pe Bàbá Akínfẹ́nwá nínú ìwé yìí — bàbá àgbà Ìyìn. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àmọ́ pálọ̀ wọn ò tíì gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Ìyìn, òun ló sì dáńtọ́ jù nínú àwọn tí mò ń kọ́. Lọ́jọ́ kọkànlélógún oṣù yìí, wọn yóò yan ọmọ márùn-ún tí yóò ṣojú ìpínlẹ̀ níbi ìdíje àwọn ọmọdé. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá. Kò tún sí òmíràn.

Lónìí, Dàírẹ́kítọ̀ gbé bàtà tuntun dé láti Mazamaza. Ó fi ìwọ̀n méjì ju ẹsẹ̀ ọmọ lọ. Wọ́n ní kó lè pẹ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni. Bíi yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Fóòmù àga ni wọ́n gé kì bọ iwájú bàtà. Mo ti jókòó lórí àga yẹn rí.

Lẹ́yìn náà wọ́n kúnlẹ̀ — bàbá ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, lórí kọnkéré — wọ́n ń fa okùn bí ẹni ń di ẹrù sórí mọ́tò Badagry. Wọ́n ní ohun tí a kò bá dè le, á bọ́. Ìyìn ní, “Ẹ ṣé, Gránpà.” Nígbà tó di ogún ìṣẹ́jú, kò mọ̀ bóyá òun ní ìka ẹsẹ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo ṣàlàyé. Pẹ̀lú sùúrù. Níbi ìka ẹsẹ̀: fẹ́rẹ́. Níbi ọrùn ẹsẹ̀: le. Lókè: dẹ̀ díẹ̀, kí orúnkún lè tẹ̀. Mo tilẹ̀ ya àwòrán. Dàírẹ́kítọ̀ gbọ́ ọ tán, wọ́n wá béèrè bóyá mo ní in ní títẹ̀, pẹ̀lú ìbuwọ́lù. Wọn kì í ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo buwọ́ lù ú. Díẹ̀ ló kù kí n fi nọ́ńbà fáìlì sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Ìwé mi ṣiṣẹ́! Bàtà Mazamaza ti padà sínú páálí. Bàtà Dammy ni Ìyìn wọ̀ báyìí — Dammy tí mo kọ́ rí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ju bàtà náà lọ. Ó bá Ìyìn mu gẹ́lẹ́. Ogun parí.

Ọjọ́ Ajé, 9

Ogun ò parí. Bàtà bá a mu, ó dáa — ta ni yóò dè é? Dàírẹ́kítọ̀ dè é. Mo tú u, mo tún un dè. Wọ́n ní ọwọ́ mi ò lágbára. Mo ní ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe àpò sìmẹ́ńtì. A bá ọ̀rọ̀ náà lọ sídìí géètì, kí ọmọ má baà gbọ́. Gbogbo ẹsíteètì gbọ́.

Ọjọ́rú, 11

A ti pín in. Dàírẹ́kítọ̀ ló ni ẹsẹ̀ òsì, èmi ni mo ni ọ̀tún. Mi ò mọ bí àgbàlagbà méjì ṣe dé ibi tí a ti ń pín ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ bí ẹran iléyá.

Ìyìn yí po lẹ́ẹ̀mẹta láìṣubú. Ó dájú pé ọ̀tún ló ń ru òsì. A tún bá ìyẹn lọ sídìí géètì.

Ọjọ́ Ajé, 16

Òjò. Dàírẹ́kítọ̀ pè láti béèrè bóyá òjò máa ń mú okùn gùn sí i.

Ọjọ́bọ̀, 19

Àtẹ̀jíṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò ìdíje. Kò sí òbí, kò sí kóòṣì níbi tí wọ́n ti ń wọ bàtà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan de tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! N kò fi okùn lé ọmọ náà lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo pe Dàírẹ́kítọ̀. “Àǹtí Margaret,” ni wọ́n wí, “àwa méjèèjì la ṣe é.” Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ohùn wa ṣọ̀kan.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Mo ní kí Ìyìn wá kí n kọ́ ọ. Ó ní ìdánwò ìṣirò nílé-ìwé. Ó ní kí n má ṣèyọnu. Mo ṣèyọnu.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21

Èmi àti Dàírẹ́kítọ̀ dúró sẹ́yìn ọgbà irin. Wọ́n di apá mi mú, ẹ̀jẹ̀ ò fẹ́ kọjá mọ́. Lọ́hùn-ún, Ìyìn de bàtà rẹ̀, ó sáré mú ara gbóná. Ó jókòó. Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

“Ó ti bàjẹ́,” ni Dàírẹ́kítọ̀ wí.

Ó tún un dè, láìkánjú. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Kò yẹ̀, kò ṣubú. Ipò kejì. Ó wọlé sínú àwọn márùn-ún.

Nínú mọ́tò, mo béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ó wo ilẹ̀. “Àǹtí, ẹ má bínú. Tí ẹ̀yin àti Gránpà bá ti lọ sídìí géètì, mo máa ń tú u, màá tún un dè fúnra mi. Ti Gránpà ń pa mí lẹ́sẹ̀. Tiyín dáa, àmọ́ tó bá yá, oòrùn á mú ẹsẹ̀ mi wú, tiyín náà á wá di ti Gránpà.”

Mo ní kí ló dé tí kò sọ.

“Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni kí n sọ fún pé kò mọ̀ ọ́n dè?”

Dàírẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rin. Ẹsẹ̀ kì í wú lórí yìnyín.

Ọjọ́ Àìkú, 22

Mo ya ìwé tí mo tẹ̀. Èyí ló rọ́pò rẹ̀.

Jẹ́ kí ọmọ jókòó, kí ó ti gìgísẹ̀ sẹ́yìn títí yóò fi kan ìdí bàtà. Kí ó fa okùn fẹ́rẹ́ níbi ìka, kó le níbi ọrùn ẹsẹ̀, kó dẹ̀ lókè. Kí ó sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú oòrùn. Kí ó tún jókòó, kí ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kí ó tún un dè, títí ìka ọwọ́ kan ṣoṣo yóò fi lè wọ àárín awọ àti ojúgun lókè. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó fi ṣe gbogbo rẹ̀. Ìwọ kóòṣì, jókòó lé ọwọ́ tìrẹ.