Fíìmù Inú Báàgì Bíbélì

Àfẹ́núù Karùn-ún,
Festac, Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Júláì, 2005.

Àǹtí mi Yíwọlá,

Ẹ kú òjò o. Ṣé ara ẹ̀yin àti Bọ̀dá le? Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀.

Ọkọ mi Ọláníran ni mo fura sí. Mo rí síídì fíìmù kan nínú báàgì Bíbélì rẹ̀. Obìnrin òyìnbó ayé àtijọ́ kan wà lára èèpo rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, àyà rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níta tán. Díákónì ìjọ! Mo mú un lọ sọ́dọ̀ Lilian tó ń yá wa ní fíìmù ní Apple Junction. Ó ní, "Ṣé ọkọ yín ti wò ó tán? Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí wọ́n yá a nìyí o." Mo wo ètè pupa rẹ̀, mo ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òun gan-an ni ọkọ mi ń yàn lálè.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo tilẹ̀kùn, mo wò ó. Ìdọ̀tí ni mo ń retí. Opó olówó kan ni, àti ọkùnrin tó ń kọ́ ọ ní dùùrù. Ẹnu wọn ń bú ara wọn, ojú wọn ń sọ nǹkan mìíràn. Ibi tó gbóná jù ni ibi tí ọkùnrin yẹn ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ opó náà, ìka kan tẹ̀lé òmíràn, tí ajá wá gbé ìbọ̀wọ́ sá lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ojú tì mí, nítorí ara mi gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Síbẹ̀ mi ò gba fíìmù náà gbọ́. Wọ́n ṣègbéyàwó, ó parí. Ta ló fẹ́ fi ọdún kọkànlá ìgbéyàwó hàn wá, irú èyí tí èmi àti Ọláníran wà yìí?

Nígbà tí Ọláníran dé, mo gbé síídì síwájú rẹ̀. "Ta lẹ ń tìtorí rẹ̀ wo eléyìí?"

Ó ní, "Ìwọ ni. Tí mo bá ti di ọwọ́ rẹ mú, àdúrà lo máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ mọ bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń ṣe é."

Àǹtí, mo fẹ́ bínú, kò ṣeé ṣe. Láti ìgbà tí oyún kejì ti bàjẹ́ ni mo ti ń sá fún ọwọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ó rí i. Mo ṣì bi í léèrè ọ̀rọ̀ Lilian o, ó búra pé kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Mo gbà á gbọ́ díẹ̀. Ó wá na ọwọ́ sí mi lórí tábìlì, mo sì jẹ́ kó wà nínú tèmi títí ìrẹsì tí mo gbé kaná fi jóná.

Olúwa á bá wa tún ilé wa ṣe, á sì fi ẹ̀mí gígùn kẹ́ yín.

Èmi àbúrò yín tó ń ṣàárò yín,
Ọlábùnmí.

Àfikún: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka lẹ́tà yìí fún Bọ̀dá. Tí wọ́n bá béèrè, ẹ ní ọ̀rọ̀ aṣọ ni.