Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì Tí Tísà Pe Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi ò tó kò ní gbàgbé rẹ o. Àwa náà wà, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí, ìyẹn sì ti di ará ilé.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ̀ pé látìgbà tí wọ́n ti já bọ́ látorí òrùlé tí wọ́n ń kàn, wọn kì í fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́, wọ́n ní ta ló máa gbéṣẹ́ fún káfíńtà tó ń tiro. Ìgbà tó yá ni tísà àgbà, aládùúgbò wa, gbé àga wá pé kí wọ́n bá òun kan ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá rẹ kàn án tán, wọ́n tún fi igi lé ẹsẹ̀ àga kó lè ga sí i, torí wọ́n ti ń wo bí orúnkún ṣe ń da tísà láàmú. Àṣé àga tí bàbá tísà fi sílẹ̀ kú ni. Inú bí tísà, wọ́n nàka lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ní Nẹfẹ́ríọ́ọ̀sì ni bàbá rẹ.

Bàbá rẹ tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní oyè ni, pé èébú kì í gùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn sì ń fi kí wọn lọ́nà. Ọmọ mi, kí n tó dáná báyìí, bàbá rẹ ti jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ti ń wọlé.

Àfi bí tísà ṣe wá bá mi nídìí màṣíìnì ìránṣọ mi lánàá, tìtìjútìtìjú. Wọ́n ní ara ti tu orúnkún àwọn, pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn ni oníwà ìkà, ọ̀daràn paraku. Wọn ò lè sọ ọ́ fún bàbá rẹ, èmi náà ò sì lè sọ ọ́. Bí bàbá rẹ bá gbọ́, wọn ò ní jáde mọ́.

Tísà ní inú ìwé atúmọ̀ èdè ni ìtumọ̀ náà wà, ìlú ńlá bí ibi tí o wà yẹn ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Jọ̀ọ́, múra dáadáa, lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe é, kí wọ́n bá wa yí ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí padà. Kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tó ń wo orúnkún ọmọnìkejì rẹ̀ kó tó kan àga ni. Má fi fóònù dáhùn o, abẹ́ ìrọ̀rí bàbá rẹ ló ń sùn, ó lè tú àṣírí.

Fi owó ọ̀dà funfun díẹ̀ ránṣẹ́ tí a ó fi pa orúkọ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ́, bóyá àwọn ará ọ́fíìsì lè ní àwọn ò gbà. Ṣùgbọ́n bẹ̀ wọ́n dáadáa, sọ fún wọn pé wọn ò tíì mọ bàbá rẹ ni.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní ohun tí o kì í ṣe. Bí wọ́n bá sì pè ọ́ bẹ́ẹ̀, kí o má gbọ́ èdè náà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ