Ẹ Má Tíì Mí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Arúgbó, kámẹ́rà mi, kú lónìí. Àárín kíláàsì fọ́tò yíyà ló kú sí, lójú gbogbo ayé. Mo tẹ̀ ẹ́, ó húkọ́, ló bá pa ojú dé, kò là á mọ́. Olùkọ́ gbé e sétí, ó mì í díẹ̀, ó ní kí n gba kámú.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ti lo Arúgbó títí ó fi sú u kó tó gbé e fún mi. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun máa ra tuntun fún mi, kí n fara balẹ̀ yan èyí tó bá wù mí. Àmọ́ ẹyọ kan péré, kí n má sì pe òun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé ojú mi ti kúrò lára rẹ̀. Ó mọ̀ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo tẹ̀lé Màmá lọ sílé ìwòsàn. Kókó tó wà lábẹ́ etí wọn, èyí tí wọ́n ń fi ìborùn bò, kì í ṣe èyí tó burú. Ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ń dàgbà, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí.

Dókítà ní kí Màmá súfèé. Màmá ní látọjọ́ tí wọ́n ti bí àwọn, àwọn ò súfèé rí, ṣé ó ti wá di dandan ni. Wọ́n ká ẹnu jọ, atẹ́gùn lásán ló jáde. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní bí igun ẹnu méjèèjì ṣe ń ká jọ lòun fẹ́ rí. Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé. Iṣan tó ń gbé ẹnu sókè gba inú kókó yẹn kọjá. Òun máa ṣọ́ra gan-an. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí igun ẹnu òsì má gbéra mọ́ bí Màmá bá ń rẹ́rìn-ín. Bóyá fún oṣù díẹ̀. Bóyá títí lọ.

Màmá ní àwọn gbọ́. Nínú mọ́tò tó gbé wa bọ̀, ọ̀rọ̀ bàtà obìnrin kan tó jókòó tì wá nílé ìwòsàn ni wọ́n ń sọ, pé bàtà náà dára, pé kò kàn ba ẹsẹ̀ rẹ̀ mu ni.



Ọjọ́rú, 5

Gbogbo álíbọ́ọ̀mù ilé wa ni mo tú sílẹ̀. Kò sí fọ́tò kan ṣoṣo tí Màmá ti rẹ́rìn-ín. Màmá o — tó jẹ́ pé ẹ̀rín wọn la fi ń mọ̀ pé wọ́n ti dé ojúlé.

Bàbá ló fà á. Fọtogíráfà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Iná sítúdíò wọn ò mọ́lẹ̀ tó láyé ìgbà yẹn, ojú kámẹ́rà máa ń pẹ́ kó tó pa dé, ẹni tó bá mira ti ba fọ́tò ara rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń sọ fún gbogbo èèyàn pé: "Ẹ má tíì mí o." Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ wọ́n mọ́ ọn. Tiwa nínú ilé ló wá le jù. Títí dòní, ẹnikẹ́ni tó bá gbé kámẹ́rà sókè, kódà kó jẹ́ fóònù, gbogbo wa á sé èémí. Nínú fọ́tò ọjọ́ ìbí mi, gbogbo ẹbí dà bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró.

Mo fẹ́ ya ẹ̀rín yẹn kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Igun ẹnu méjèèjì. Kámẹ́rà tó bá lè bá mi mú un ni màá yàn.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ilé ìtajà kámẹ́rà. Mo ti sọ ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ ní Má-fọwọ́-kàn, torí ọ̀rọ̀ tó fi kí mi káàbọ̀ nìyẹn. Nígbà tó rí i pé mo mọ ohun tí mò ń béèrè, ara rẹ̀ balẹ̀, ó kó méjì kalẹ̀ síwájú mi.

Àkọ́kọ́: tuntun, fúyẹ́, kì í dún. O tẹ̀ ẹ́, o ò gbọ́ nǹkan kan. Orúkọ tí mo fún un ni Dákẹ́. Ìkejì: wúwo, ó sanra, dígí kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń fò sókè bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ó sì ń dún bí ìgbà tí inú ń bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn. Gbàgà nìyẹn. Má-fọwọ́-kàn ní ó ku díẹ̀ kí àwọn tó ń ṣe é pa á tì.

Ọ̀rọ̀ mi ti yanjú. Bí Màmá ò bá gbọ́ ìró kámẹ́rà, wọn ò ní sé èémí. Wọ́n máa ń yá àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní kámẹ́rà ká gbé e lọ sílé dán wò. Mo fi káàdì ilé ẹ̀kọ́ dógò, mo gbé Dákẹ́ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Bàbá gba Dákẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n yà mí. Wọ́n ní ṣé ó ti yà. Mo ní ó ti yà. Wọ́n yẹ abẹ́ rẹ̀ wò bóyá ohùn rẹ̀ bọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní, "Kámẹ́rà tí kò lóhùn, báwo lẹni tó wà níwájú ṣe máa mọ̀ pé òun ti lè sinmi?" Mo ní ayé ti yí pa dà, Bàbá.

Ohun kan pa mí lẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n dorí kodò, àtàǹpàkò wọn ń wá ibi tí wọ́n á ti yí fíìmù síwájú, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lára kámẹ́rà àtijọ́. Kò sí fíìmù. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó tíì sọ fún ọwọ́ yẹn pé àwọn ti fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Màmá ń ká aṣọ lórí ibùsùn. Mò ń sọ ìsọkúsọ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín, mo sì rọra gbé Dákẹ́ sókè. Wọn ò gbọ́ ọ. Wọ́n rí i. Ó tán — wọ́n dúró bí èèkàn, wọ́n sé èémí. Mo tẹ̀, mo tẹ̀, mo tún tẹ̀. Wọ́n ṣì dúró. Ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Wọ́n wá fi eyín dídì béèrè pé ṣé kò tíì yà ni. Mo ní ó ti yà tipẹ́. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ fi fọ́tò pa mí," wọ́n dojú kọ aṣọ wọn. Inú wọn ò dùn rárá.

Nígbà tó yá, mo fara pa mọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì. Wọn ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Wọ́n dúró síwájú dígí, wọ́n fi ìka gbé igun ẹnu òsì sókè, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n tún gbé e. Mo yà á.

Fọ́tò náà dára. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bọ́ sí i gẹ́lẹ́, olùkọ́ ì bá gbé e kọ́ sára ògiri. Mo pa á rẹ́. Ojú mi tì mí bí ẹni tó jalè. Mo ti ń rò pé Màmá ò bẹ̀rù. Mo lọ jókòó tì wọ́n, mo gbórí lé èjìká wọn, wọ́n ní ta ló ṣe mí. Mo ní kò sẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo dá Dákẹ́ pa dà.

Ọjọ́bọ̀, 13

Olùkọ́ ní ẹni tó bá tún ń ra kámẹ́rà aláriwo lóde òní, kó yáa ra agogo kọ́rùn. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá ò kúrò lọ́kàn mi — báwo lẹni tó wà níwájú ṣe máa mọ̀ pé òun ti lè sinmi? Màá yá Gbàgà lọ́la. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe lọ gan-an, kí n má gbàgbé.

Bàbá jókòó sídìí rédíò, lẹ́yìn mi. Màmá ń rán bọ́tìnnì. Mo gbé Gbàgà sókè, mi ò fi pa mọ́. Màmá fi abẹ́rẹ́ gún tìmùtìmù àga kó má sọ nù, wọ́n tún ìborùn ṣe, wọ́n sé èémí. Bàbá ò tiẹ̀ yíjú kúrò lára rédíò tí wọ́n fi ní, "Má tíì mí o."

Gbàgà.

Mo dorí kodò, mò ń wo ohun tí mo yà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Èémí jáde, fùú, ẹ̀rín sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín Màmá gan-an, èyí tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn bọ̀. Mo gbójú sókè. Ó ti tán. Wọ́n ti ń fa abẹ́rẹ́ yọ.

Mo dúró bí òmùgọ̀. Àṣé ẹ̀rín yẹn ò sá fún kámẹ́rà rí. Gbogbo ìgbà ló ń wá, bí kámẹ́rà bá ti dún tán. Àwa là ń dorí kodò. Bàbá ń yí fíìmù, èmi ń wo ẹ̀yìn kámẹ́rà. Mo ti ń dá kámẹ́rà lẹ́bi láti ọjọ́ yìí.

Mo ní Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan sí i. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ lo ojú àwọn tán ni. Wọ́n sé èémí. Gbàgà. Ojú mi ò kúrò níbi tó wà. Fùú — gbàgà, gbàgà, gbàgà.

Mo mú un. Ọ̀tún àti òsì. Mo sá wọ balùwẹ̀ lọ sunkún, mo ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, 17

Gbàgà ti di tèmi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Má-fọwọ́-kàn béèrè bóyá ó dá mi lójú. Ẹ̀gbọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo yan nǹkan tí mi ò ráhùn lé e lórí.

Ọjọ́rú, 26

Wọ́n ti dá Màmá dúró sílé ìwòsàn fún ọ̀la. Bàbá po tíì ife méjì. Nígbà tí wọ́n rántí, wọ́n mu méjèèjì.

Ọjọ́bọ̀, 27

Èmi àti Bàbá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Wọ́n ti gbé Màmá wọlé. Bàbá ń ká fìlà, wọ́n ń tú u.

Mo ti fẹ́ tẹ fọ́tò yẹn jáde kí n tó fi hàn wọ́n, mi ò lè dúró mọ́. Mo ṣí i lẹ́yìn Gbàgà. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́ pa dà. Wọ́n wò ó pẹ́.

Wọ́n ní, "Ta ni ìyá rẹ ń rẹ́rìn-ín sí báyìí?"

Mo ní ẹ̀yin ni. Ẹ wo ojú wọn, èmi kọ́ ni wọ́n ń wò, ìdí rédíò ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe nígbàkúùgbà tí kámẹ́rà bá ti dún, Bàbá. Ẹ̀yin á ti máa yí fíìmù.

Bàbá gbé Gbàgà lé itan. Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ti ń ṣe látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n." Wọn ò béèrè, wọ́n kàn sọ ọ́ ni. Wọ́n sunkún díẹ̀, wọn ò fi pa mọ́ fún mi. Mo di àtàǹpàkò wọn mú, èyí tó ń yí fíìmù yẹn gan-an.

Dókítà jáde. Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa, kókó ti kúrò pátápátá. Ti ẹnu, ó ní ká ṣì máa wò ó.

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Kẹrin

Wọ́n tú báńdéèjì Màmá lánàá. Igun òsì ò gbéra. Dókítà ní ká fún un lákòókò, kò sì ṣèlérí.

Màmá ti wà lójú fèrèsé láti àárọ̀. Mo gbé Gbàgà, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n má ya àwọn báyìí. Mo fẹ́ gbé e sílẹ̀. Bàbá ní rárá. Wọ́n dìde, wọ́n gbé àga wọn kúrò nídìí rédíò, wọ́n gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n dojú kọ Màmá. Wọ́n ní, "Má tíì mí o."

Màmá wò wọ́n. Wọ́n sé èémí. Gbàgà.

Fùú. Ẹ̀rín gba apá ọ̀tún gòkè, òsì dúró síbi tó wà. Mi ò ní purọ́ fún ìwé mi, ó dùn mí. Ó sì dun Màmá, torí ọwọ́ wọn ti ń lọ síbi ìborùn. Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé Bàbá ò dorí kodò.

Wọ́n ní, "Kí lẹ̀ ń wò?"

Bàbá ní, "Ìwọ ni." Wọ́n sún àga wọn síwájú díẹ̀. "Ó ti pẹ́ tó ti yẹ kí n máa wò ọ́."

Màmá gbàgbé ìborùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín báyìí, láìsí kámẹ́rà kankan níwájú wọn, torí mo ti yí Gbàgà sí Bàbá. Mo tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Bàbá ò sé èémí níwájú kámẹ́rà.